Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Kí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Gbé Ìgbésẹ̀ Lórí Èéfín àti Eruku ní Abẹ́òkúta

Ìbéèrè kan náà ni àwọn òǹkàwé wa ní Láfẹ́ńwá, Ọbántòkò, Ìta-Òṣìn àti Odẹ́dá ń bi wá ṣáá: “Èéfín kò jẹ́ kí a sùn, ta ni kí a lọ bá, kí ni wọ́n sì lè ṣe sí i?” Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro, ṣùgbọ́n ó ní ètò. Ìjọba ìpínlẹ̀ kì í ti ilé-iṣẹ́ pa nítorí pé inú ń bí ará àdúgbò. Fáìlì ló ń ti ilé-iṣẹ́ pa, ìyẹn fáìlì tí ẹ̀sùn wà nínú rẹ̀, tí àbọ̀ ìbẹ̀wò wà nínú rẹ̀, tí ìwé ìkìlọ̀ àti àbọ̀ ìbẹ̀wò kejì sì tẹ̀ lé wọn. Ẹni tó bá mọ bí fáìlì yìí ṣe ń kún ni yóò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ òun dé, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní lè fi “ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀” tàn án.

A kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tí èéfín ilé-iṣẹ́, eruku òkúta tàbí òórùn rọ́bà jíjó ń wọlé tọ̀ ní Abẹ́òkúta àti agbègbè rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti pàjáwìrì

Bí iná bá ti ń jó, bí ẹnì kan bá dákú, tàbí bí ẹ bá gbọ́ òórùn kẹ́míkà tó ń ta yín lójú tó sì ń fún yín lọ́fun, kì í ṣe àkókò lẹ́tà nìyẹn. Ẹ kó àwọn ọmọdé àti àgbàlagbà kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì gba apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀, kí ẹ má ṣe gba apá ibi tí ó ń gbé èéfín náà lọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pe 112, tí í ṣe nọ́ńbà pàjáwìrì ní Nàìjíríà.

Jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sí kọ́rídọ̀ tàbí sí abẹ́ fèrèsé jẹ́ pàjáwìrì pẹ̀lú. Gáàsì olóró tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì lè pa odindi ìdílé lójú oorun. Ẹ kọ́kọ́ pa á ná, kí ẹ tó máa bi ara yín léèrè pé ta ló gbé e síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ọ́fíìsì tó ni ẹjọ́ yín

Ibí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn ti ń kú. Ẹni tó kọ lẹ́tà sí gómìnà nìkan yóò máa retí ìdáhùn, nígbà tí lẹ́tà náà ń ti tábìlì kan bọ́ sí òmíràn kí ó tó kan ẹni tó lè gun ọkọ̀ lọ wo ibi tí èéfín ti ń jáde. Ẹ wo èyí tó bá ọ̀rọ̀ yín mu:

- Ilé-iṣẹ́, ìléru tí wọ́n ti ń yọ́ irin tàbí bátìrì, àti ẹ̀rọ ńlá tó ń tu èéfín: Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ní Òkè-Mọ́sàn, àti àjọ OGEPA tó ń dáàbò bo àyíká ní ìpínlẹ̀ Ògùn.
- Pàǹtírí tí wọ́n ń dáná sun ní ààtàn tàbí lẹ́bàá títì: Àjọ OGWAMA tó ń bójú tó pàǹtírí ní ìpínlẹ̀ yìí.
- Èéfín ọkọ̀ akẹ́rù àti dáńfó: Àjọ TRACE tó ń rí sí ìgbòkègbodò ọkọ̀ ní ìpínlẹ̀ yìí, àti àwọn òṣìṣẹ́ VIO tó ń yẹ ọkọ̀ wò. Nọ́ńbà ọkọ̀, ojú títì, ọjọ́ àti aago ti tó fún wọn.
- Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, ibi ìdáná, tàbí ẹni tó ń sun ìdọ̀tí nínú ọgbà rẹ̀: Àwọn wolé-wolé ní ìjọba ìbílẹ̀. Ti Gúúsù Abẹ́òkúta wà ní Aké, ti Àríwá sì wà ní Akọ́mọjẹ.
- Odò ẹran tí wọ́n ti ń fi táyà sun awọ màlúù: Ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn dókítà ẹran lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí OGEPA. Èéfín nìkan kọ́ ni ewu ibẹ̀, nítorí oró tó wà nínú táyà ń bá pọ̀nmọ́ lọ sínú ìkòkò ọbẹ̀ wa.
- Kúárì, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta: Ẹ̀sùn yìí pín sí méjì. Eruku tó ń bo ilé àti oko yín jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ láti wa òkúta àti ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, nítorí pé ìwé òfin ọdún 1999 fi ọ̀rọ̀ ohun àlùmọ́ọ́nì sí ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ẹ̀yin ará Odẹ́dá, ẹ kọ lẹ́tà sí apá méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, kí ọ̀kan má baà sọ pé ti èkejì ni.

Ìjọba àpapọ̀ náà ní àjọ kan, NESREA, tó ń rí sí i pé wọ́n pa òfin àyíká mọ́, tí òfin ọdún 2007 dá sílẹ̀, ìlànà rẹ̀ lórí ìmọ́tótó afẹ́fẹ́ sì jáde ní ọdún 2014. Agbára rẹ̀ àti ti ìpínlẹ̀ máa ń wọnú ara wọn, àyàfi nínú ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì àti gáàsì, èyí tí òfin yọ kúrò lọ́wọ́ NESREA pátápátá. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ojúlówó lẹ́tà lọ sí ìpínlẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ yín ti lè dé láti lọ béèrè, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì lọ sí NESREA.

Òfin tí ẹ lè tọ́ka sí

Abala 20 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní kí ìjọba dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀. Abala 247 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní gúúsù orílẹ̀-èdè yìí sọ pé ẹni tó bá ba afẹ́fẹ́ jẹ́ débi pé ó lè pa àwọn tó ń gbé tàbí tó ń ṣòwò ládùúgbò lára, lè fẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura. Nínú abala 20 òfin NESREA ti ọdún 2007, bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ kọ ọ́, owó ìtanràn ilé-iṣẹ́ tó bá rú ìlànà afẹ́fẹ́ lè tó ₦2,000,000, pẹ̀lú ₦50,000 fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí kò bá jáwọ́. Ti ẹnì kan lè tó ₦200,000 tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún kan, tàbí méjèèjì, pẹ̀lú ₦20,000 lójoojúmọ́.

Méjì nínú wọn tó fún lẹ́tà kan. Lẹ́tà tó kún fún nọ́ńbà òfin kì í yára ju èyí tó kún fún ọjọ́ àti aago lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ṣe àkọsílẹ̀ èéfín náà

Bí ẹ kò bá ní ráyè fún ohun mìíràn nínú ìtọ́sọ́nà yìí, ẹ ráyè fún èyí. Olùbẹ̀wò ìjọba máa ń dé ní ọ̀sán, lákòókò iṣẹ́. Ìléru tó ń yọ yín lẹ́nu sì lè jẹ́ èyí tí wọ́n ń dáná sí lóru. Bí olùbẹ̀wò bá dé, tí ó rí ọgbà tó mọ́ tónítóní àti páìpù tí kò rú èéfín, ohun tó rí ni yóò kọ sílẹ̀, kò sì purọ́. Àkọsílẹ̀ yín ló máa sọ fún un pé kí ó wá lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí ó má wá láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé.

Ìdí mìíràn wà tí alẹ́ fi ṣe pàtàkì. Nígbà tí ilẹ̀ bá tutù lóru, afẹ́fẹ́ tútù á dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀, èyí tó móoru díẹ̀ á sì wà lókè rẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí èéfín ráyè gòkè. Ní ìlú alápàáta bíi Abẹ́òkúta, àwọn tó ń gbé ní kòtò láàárín òkè méjì tàbí lẹ́bàá Odò Ògùn ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù, pàápàá láàárín aago mẹ́rin sí méje ìdájí. Ẹ má ṣe rò pé ẹ̀ ń ṣàsọdùn bí ẹni tó ń gbé lórí òkè bá sọ pé òun kò gbọ́ òórùn kankan.

Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ sì kọ nǹkan wọ̀nyí sínú rẹ̀ nígbàkígbà tí èéfín bá jáde, ó kéré tán fún ọ̀sẹ̀ méjì:

1. Ọjọ́, aago tó bẹ̀rẹ̀ àti aago tó dáwọ́ dúró.
2. Ibi tí èéfín ti jáde gan-an: páìpù wo, ibodè wo, ẹ̀yìn ilé wo.
3. Àwọ̀ rẹ̀ àti òórùn rẹ̀. “Òórùn burúkú” kò tó. Ẹ sọ bóyá ó jọ ti rọ́bà, ti ẹyin tó ti bàjẹ́, ti irin gbígbóná tàbí ti ọ̀dà.
4. Apá ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ.
5. Ohun tí èéfín náà bò tí ẹ kò fi rí i mọ́.
6. Ẹni tó bá yín rí i.

Àpẹẹrẹ àkọsílẹ̀ tó wúlò rèé:

“Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú alẹ́. Èéfín dúdú láti páìpù kejì, lápá ibodè ẹ̀yìn. Afẹ́fẹ́ ń gbé e bọ̀ ní ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Òórùn rọ́bà. A kò rí òpó iná tó wà lódìkejì títì mọ́. Ó dáwọ́ dúró ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá òru. Èmi àti ìyá tó ń gbé yàrá kejì la jọ rí i.”

Ọ̀rọ̀ òpó iná yẹn wúlò ju bí ó ṣe rí lọ. Ọ̀nà kan tí àwọn olùbẹ̀wò fi ń díwọ̀n èéfín pẹ̀lú ojú lásán ni àtẹ Ringelmann, tí ìpele rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 5, tí ìpele kọ̀ọ̀kan sì dúró fún ìdá 20 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tí èéfín dí. Ẹni tó bá kọ ohun tí òun kò rí mọ́ ti fún olùbẹ̀wò ní ohun tí ó lè fi díwọ̀n.

*Àwòrán àti fídíò.* Ẹ dúró sí ojú kan náà ní gbogbo ìgbà, kí ohun kan tí kò lè kúrò níbẹ̀, bíi àpáta, òpó tàbí òrùlé, hàn nínú àwòrán. Fídíò ìṣẹ́jú kan tó. Ẹ má ṣe fi orin tàbí ọ̀rọ̀ sí i. Ẹ fi ojúlówó rẹ̀ pa mọ́ sínú fóònù tí ẹ fi yà á, nítorí pé bí ẹ bá fi àwòrán ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí a ṣe máa ń fi àwòrán ránṣẹ́, ọjọ́ àti aago tó fara pamọ́ sínú rẹ̀ yóò bọ́ sọnù.

*Eruku tó bà sílẹ̀.* Ẹ mú tíṣù funfun, ẹ nu gíláàsì fèrèsé tó kọjú sí ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ mú òmíràn, ẹ nu èyí tó kẹ̀yìn sí i. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tirẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ àti fèrèsé sí i lára. Lásìkò ọyẹ́, èyí nìkan lè gba ẹjọ́ yín là. Láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kejì tàbí ìkẹta, afẹ́fẹ́ ń ti ìhà àríwá ìlà-oòrùn fẹ́ wá, ó sì ń gbé eruku Sàhárà bọ̀. Ọyẹ́ sì ni àwíjàre tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ mú wá. Eruku ọyẹ́ ń bà sórí gbogbo fèrèsé, àwọ̀ rẹ̀ sì jọ ti iyẹ̀pẹ̀. Bí tíṣù apá kan bá dúdú bí èédú, tí ti apá kejì sì jọ iyẹ̀pẹ̀ lásán, àwíjàre ọyẹ́ kò lè dúró mọ́.

*Ẹ̀rọ kékeré tó ń ka eruku.* Àwọn kan ti ń rà á. Ó ń ka eruku tó kéré ju 2.5 máíkírómítà lọ, èyí tó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ tààrà; irun orí ènìyàn nípọn tó ìlọ́po ogún rẹ̀ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àjọ ìlera àgbáyé sọ ní ọdún 2021 pé kò yẹ kí ó ju máíkírógíráàmù 15 lọ nínú mítà onígun mẹ́ta kan láàárín wákàtí 24, tàbí 5 bí a bá pín ti ọdún kan dọ́gba. Ẹ má ṣe gbé ẹ̀rọ náà sí tòsí ilé ìdáná, jẹnẹrétọ̀ tàbí títì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èéfín ọbẹ̀ yín ni yóò máa kà. Ẹ mú ohun tó bá kà bí àtìlẹ́yìn fún àkọsílẹ̀ yín. Kò lè rọ́pò ohun tí ẹ̀rọ ìjọba bá kà.

*Ìwé dókítà.* Bí ọmọ tàbí àgbàlagbà bá ń wú ikọ́, tí ikọ́-fée sì ń dà á láàmú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìjàyè tàbí ní Ìdí-Abà, kí ẹ sọ fún dókítà ìgbà tí ó máa ń ṣe é, kí ẹ sì gba ìwé. Ẹ má ṣe bẹ dókítà pé kí ó kọ ọ́ pé ilé-iṣẹ́ báyìí ló fà á. Ohun tó bá rí lára aláìsàn ni kí ó kọ; bí ọjọ́ rẹ̀ bá bá ọjọ́ inú ìwé yín mu, olùbẹ̀wò yóò so ó pọ̀ fúnra rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ sì gba òǹtẹ̀

1. Ẹ kọ ọ́ sí olórí àjọ náà tàbí sí Kọmíṣánnà fún ọ̀rọ̀ àyíká, kí ó má ju ojú ìwé méjì lọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ́fíìsì fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò bá lè kọ ọ́ lè bẹ olùkọ́ tàbí akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò.
2. Ẹ fi orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù yín sí i. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò (CDA) kọ ọ́ ní orúkọ ẹgbẹ́. Ẹ̀sùn tí kò lórúkọ kì í ní ẹni tí wọn yóò pè padà.
3. Ẹ júwe ibẹ̀ débi tí àlejò yóò fi dé ibẹ̀ láìbéèrè: títì, ilé tó kángun sí i, àwọ̀ ibodè.
4. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí. Ẹ má ṣe kọ ohun tí ẹ fura sí.
5. Ẹ béèrè ohun kan pàtó: “A ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ wá bẹ ibẹ̀ wò láàárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago kan òru, kí ẹ sì fi àbọ̀ rẹ̀ tó wa létí.”
6. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta. Ọ̀kan fún wọn, ọ̀kan fún NESREA, ọ̀kan fún yín. Nígbà tí ẹ bá gbé e dé Òkè-Mọ́sàn, kí ẹ má kúrò níwájú òṣìṣẹ́ tó ń gba lẹ́tà títí yóò fi bu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ lu ẹ̀dà tiyín. Ẹ béèrè nọ́ńbà fáìlì pẹ̀lú.

Ohun tó yẹ kó wà nínú àpò ìwé náà:

- lẹ́tà tí ẹ fọwọ́ sí
- ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì (kí ojúlówó wà nílé)
- àwòrán mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ẹ tẹ̀ jáde, pẹ̀lú ọjọ́ lẹ́yìn wọn
- àwòrán ọ̀nà tí ẹ fi ọwọ́ yà
- ìwé dókítà, bí ó bá wà

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ mọ ohun tí ìjọba ń ṣe lẹ́yìn náà

*Ìbẹ̀wò.* Èyí tó wúlò ni èyí tí wọn kò kéde. Olùbẹ̀wò yóò béèrè ìwé àṣẹ, àbọ̀ àyẹ̀wò ipa tí iṣẹ́ náà ń ní lórí àyíká, irú epo tàbí ohun tí wọ́n ń sun, àti ìwé tí wọ́n fi ń tún ẹ̀rọ ṣe. Yóò wo bí páìpù èéfín ṣe ga tó, àti bóyá àwọn asẹ́ tó ń gba eruku ṣì wà níbẹ̀ tàbí wọ́n ti gbó. Ohun tí a máa ń rí nìyí: asẹ́ wà, ṣùgbọ́n wọn kì í tan ẹ̀rọ rẹ̀ lóru nítorí owó dísù. Bí ẹ bá fura pé bẹ́ẹ̀ ni, kókó ìbéèrè tí ẹ fẹ́ kí olùbẹ̀wò bi wọ́n nìyẹn.

Ẹ má ṣe tẹ̀ lé olùbẹ̀wò wọ inú ọgbà. Ẹ kí i níta, ẹ fún un ní ẹ̀dà àkọsílẹ̀ yín, ẹ sì gba orúkọ àti ọ́fíìsì rẹ̀.

*Ìwé ìkìlọ̀.* Bí wọ́n bá rí àléébù, ìwé tó ń sọ ohun tí ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ tún ṣe àti iye ọjọ́ tí wọ́n ní ló máa ń tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bínú níbí pé ìjọba ti gbè sẹ́yìn olówó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láìsí ìwé ìkìlọ̀ yìí, lọ́yà ilé-iṣẹ́ yóò sọ fún adájọ́ pé wọn kò fún àwọn láyè láti tún un ṣe, ó sì lè borí. Iṣẹ́ yín ni pé kí ẹ mọ ọjọ́ tí gbèdéke náà yóò pé, kí ẹ sì tún àkọsílẹ̀ ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀.

*Ìbẹ̀wò kejì.* Ẹ fi lẹ́tà kúkúrú rán wọn létí ní ọjọ́ kejì tí gbèdéke pé. Àwọn òṣìṣẹ́ kò pọ̀ tó ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń bójú tó, fáìlì tí ẹnikẹ́ni kò béèrè sì máa ń lọ sí ìsàlẹ̀.

*Títì pa.* Wọn yóò fi àgádágodo àti ìwé àmì ìjọba ti ibodè. Òfin NESREA ti ọdún 2007 ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ gba àṣẹ ilé-ẹjọ́ kí wọ́n tó ti ibẹ̀ pa, nítorí náà kì í ṣe ìfàsẹ́yìn bí wọ́n bá kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ adájọ́. Bí ẹ bá rí i pé ẹnì kan já àmì náà, tí iṣẹ́ sì ń lọ lóru lẹ́yìn ibodè tó wà ní títì, ẹ kọ ọjọ́ àti aago, kí ẹ sì fi tó àjọ náà létí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn nìyẹn lẹ́yìn ti èéfín, ó sì rọrùn láti fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀.

*Ilé-ẹjọ́ àti ìtanràn.* Ìjọba ló ń pe ẹjọ́ yìí. Wọ́n lè pè yín gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, nígbà náà ni ẹ óò mọ ìdí tí a fi ní kí ojúlówó ìwé kékeré yín wà nílé.

Àṣìṣe tó ń ba ẹ̀sùn jẹ́

- Kíkọ ọ́ sínú lẹ́tà pé olùbẹ̀wò gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, láìsí ẹ̀rí. Ẹni tí ẹ fẹ́ kó bá yín ṣiṣẹ́ ni ẹ fi ṣe ọ̀tá yẹn. Bí ẹ bá ní ẹ̀rí, ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.
- Dídí ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ tàbí kíkó àwọn ọmọ àdúgbò lọ síbẹ̀. Láàárín wákàtí kan, ẹ̀yin tí èéfín ń pa lára ni yóò di afurasí lọ́dọ̀ ọlọ́pàá.
- Gbígba ìrẹsì àti òróró ọdún lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́, kí ẹ sì fọwọ́ sí ìwé tí ẹ kò kà. A ti rí ibi tí ìwé ìgbà-ẹ̀bùn ti di ẹ̀rí pé àdúgbò kò ní ẹ̀sùn kankan.
- Dída èéfín, ariwo, ọ̀nà tí ọkọ̀ bà jẹ́ àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ pọ̀ sínú lẹ́tà kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí èéfín dá dúró.
- Gbígbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ilé-iṣẹ́ báyìí ń pa ènìyàn, kí ẹ tó gba òǹtẹ̀ kankan.

Bí ọ́fíìsì bá dákẹ́

Òfin ọdún 2011 tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìjọba ni irinṣẹ́ tó lágbára jù níbí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Ilé-ẹjọ́ Tó Gajù Lọ sọ pé ó de ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà ẹ má ṣe gbà fún ẹni tó bá sọ pé ti Àbújá nìkan ni.

1. Ẹ kọ lẹ́tà tuntun láti béèrè àbọ̀ ìbẹ̀wò àti ẹ̀dà ìwé ìkìlọ̀ lábẹ́ òfin náà. Kò pọn dandan kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe.
2. Ẹ ka ọjọ́ méje láti ọjọ́ òǹtẹ̀. Wọ́n lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un bí wọ́n bá kọ̀wé ìdí rẹ̀.
3. Bí wọ́n bá dákẹ́, òfin kà á sí pé wọ́n kọ̀. Ẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti lọ sí ilé-ẹjọ́. Bí adájọ́ bá sì rí i pé wọ́n kọ̀ lọ́nà àìtọ́, ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦500,000.

Àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú lórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n ń pè ní Public Complaints Commission, kì í gba owó. Ẹni tó ń ṣojú yín ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ lè pe àjọ náà wá ṣàlàyé, ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ sì ni yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín.

Bí ẹ bá fẹ́ pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ fúnra yín nítorí ìpalára tó ṣe fún ilé tàbí ara yín, ẹ rí lọ́yà. Ẹni tí kò lówó lè lọ bá àjọ Legal Aid Council. Láti ìdájọ́ Ilé-ẹjọ́ Tó Gajù Lọ ní oṣù keje ọdún 2018, nínú ẹjọ́ tó wáyé láàárín ẹgbẹ́ kan tó ń ṣọ́ ìtújáde epo rọ̀bì àti NNPC, ilé-iṣẹ́ epo ìjọba àpapọ̀, ọ̀nà ti là sí i fún ẹgbẹ́ tó ń jà fún àyíká láti pe ẹjọ́ lórúkọ ará ìlú.

Nígbà tí kò yẹ kí ẹ pe ìjọba

Ìyá tó ń yan gààrí lẹ́yìnkùlé, tàbí aládìrẹ ní Ìtòkú tó ń fi igi gbé aró kaná, kì í ṣe ẹni tó yẹ kí ẹ fi fáìlì lé. Agbára ìjọba tó bà lé irú wọn máa ń gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ, nígbà tí ìléru tó wà lẹ́yìn ògiri gíga ṣì ń jó. Ẹ lọ bá wọn ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá. Ọmọ wa kékeré ni kò lè mí dáadáa bí èéfín bá ti wọlé láàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé a lè jọ wá nǹkan ṣe sí i?”

Igi tó gbẹ dáadáa ń dín èéfín kù púpọ̀. Ẹ lè jọ gbé páànù yí àdògán ká kí èéfín lè gba òkè lọ, ẹ lè jọ fìdí àkókò ìdáná múlẹ̀, ẹ sì lè bá wọn bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má fi ọ̀rá tàbí táyà dáná mọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá le, baálẹ̀ tàbí ìyálọ́jà lè dá sí i. Wolé-wolé ni kó kẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n bá ṣí ilé-iṣẹ́ náà padà

Wọn yóò ṣí i lọ́pọ̀ ìgbà, lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ bá ti san ìtanràn tí wọ́n sì ti tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn yóò tún nǹkan ṣe. Ẹ béèrè ẹ̀dà ìwé àdéhùn náà lọ́nà kan náà tí ẹ gbà béèrè àbọ̀ ìbẹ̀wò. Ẹ wo ohun mẹ́ta nínú rẹ̀: asẹ́ tàbí ẹ̀rọ tí wọ́n ní àwọn yóò fi sí i, ọjọ́ tí wọ́n dá, àti ẹni tí yóò máa wọn èéfín. Bí èéfín bá tún bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà yín kò ní ju ojú ìwé kan lọ lọ́tẹ̀ yìí: nọ́ńbà fáìlì àtijọ́, gbólóhùn tí wọ́n rú nínú àdéhùn, àti ọjọ́ pẹ̀lú aago tí ẹ rí i.